Alága Nínú Awò Ìran

Olóyè Philip Ògúntóyè kì í kí ènìyàn. Ó máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ bá sọ fún un pé ẹ káàárọ̀, yóò dúró, yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, yóò wo ọ̀ọ́kán bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló dúró sẹ́yìn yín, yóò sì bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, oòrùn nìkan kọ́ ló ń yọ. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń bá a yọ.” Ìgbà tó bá fi parí, ẹ̀yin tí ẹ kí i káàárọ̀ á ti máa wá bí ẹ ó ṣe kí i kú ọ̀sán.

Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni. Ó ti ṣe ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba kan rí, ó fẹ̀yìn tì, ó sì wálé. Bí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ a máa tán lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ kì í tètè tán lẹ́nu. Wọ́n wá fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Ilé Ìwòsàn Ìtùnú, ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Aramoko lọ sí Ìjerò. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló para pọ̀ kọ́ ọ, àwọn ìyá ìjọ ló ru yanrìn rẹ̀ lórí. Ìgbìmọ̀ rò pé ẹni tó ti ṣe ọ̀gá rí á mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tún òrùlé tó ń jò ṣe. Olóyè dé, kò wo òrùlé. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ra àga tí òun ó máa jókòó lé.

Lẹ́yìn àga, ó pàṣẹ agogo. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti wọ ọgbà, wọn ó lu agogo, kí gbogbo ẹni tó bá lè dúró dìde dúró. Ọkùnrin kan tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kò dìde. Olóyè dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé ìlú wo ni wọn ò ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Rótìmí. Iṣẹ́ Rótìmí ni láti máa rìn níwájú, kí ó máa ka oyè ọ̀gá rẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó sì máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá bí ẹni gba oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, Olóyè sín níbi ìpàdé. Rótìmí mi orí, ó ní, “Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, sà.” Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ náà pàtẹ́wọ́.

Dókítà tó wà níbẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ni, obìnrin, Ẹniọlá Ládélé lorúkọ rẹ̀. Ohun kan ń dùn ún. Àwọn àgbàlagbà tó ń wá ṣe iṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù ju bó ti yẹ lọ. Bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ láti ìdodo sísàlẹ̀, wọn kì í sábà kun aláìsàn lóorun. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un lẹ́yìn, ìdajì ara á kú, ṣùgbọ́n orí á wà láàyè. Ojú á máa wo iná òkè, etí á máa gbọ́ bí irin ṣe ń ró lára irin. Ọ̀dọ́ lè fi ẹ̀rín bo ẹ̀rù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà tó ti sin ènìyàn púpọ̀ mọ ohun tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ẹ̀jẹ̀ wọn á ru, ọkàn wọn á máa sáré, nígbà mìíràn dókítà á dá iṣẹ́ dúró kó tó bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí Ẹniọlá ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, ó rí ohun kan tí wọ́n ń lò fún irú ẹ̀rù yìí. Awò ńlá kan ni, ó ń bo ojú pátá bí èyí tí wẹ́dà tó ń jó irin ń lò, wọ́n sì ń fi ohun tó ń sọ̀rọ̀ bo etí pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti dè é mọ́ ọ lójú, o ò sí nínú yàrá yẹn mọ́. Ibi tí wọ́n bá yà sínú rẹ̀ lo wà: bí o bá yí orí sọ́tùn-ún, ọ̀tún ibẹ̀ lo máa rí, bí o bá gbójú sókè, ojú ọ̀run ibẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é ní VR. Awò ìran làwọn ará Ìtùnú sọ ọ́. Ẹniọlá bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n fi méjì ránṣẹ́. Ó wá bá Ṣèyí, ọkùnrin kan tó ń ya fídíò ní Aramoko, ó ní kó lọ ya odò kan tó ń ṣàn láàárín àpáta lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n. Ṣèyí ya á. Omi ń lọ, ewé ń mì, ẹyẹ ń ké. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ẹ̀yínadé, àgbẹ̀ kòkó láti Odò-Ọwá, ló kọ́kọ́ lò ó. Ìpá ni wọ́n fẹ́ yọ fún un. Ó ti sá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ nígbà kan rí, aṣọ ilé ìwòsàn ló wọ̀ dé ìdí ọ̀kadà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dè é ní awò, ó dákẹ́. Nígbà tí Ẹniọlá fẹ́ bọ́ ọ lójú rẹ̀, ó ní, “Ẹ má tíì bọ́ ọ, ọmọ mi. Ẹja kan ń bọ̀.”

“Bàbá, a ti ṣe tán.”

“Kí lẹ ti ṣe tán?”

Ọ̀rọ̀ náà rìn. Bàbá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, ó sì sọ orúkọ dókítà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ orúkọ alága rárá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Olóyè dé ọ́fíìsì dókítà láìpẹ́, Rótìmí níwájú, agogo lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n de awò náà mọ́ òun lójú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbójú sókè, ó wo ilẹ̀. 

“Ó dára,” ó wí. “Omi náà rí bí omi. Ṣùgbọ́n níbo ni mo wà?”

Dókítà rò pé ojú ń yí i. “Etí odò lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n lẹ wà, sà.”

“Mo ní níbo ni èmi wà nínú rẹ̀. Mo wo gbogbo ibẹ̀, n kò rí ara mi.” Ó bọ́ awò náà, ó gbé e fún Rótìmí. “Dókítà, àgbàlagbà tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ, ta ló yẹ kó rí? Omi? Omi kì í ṣe alága.”

“Omi ò tilẹ̀ nípò kankan, sà,” Rótìmí wí.

Ẹniọlá gbìyànjú. Ó ní, “Sà, ohun tó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Ìyẹn ni àṣìṣe tí mo wá tún ṣe,” Olóyè dá a lóhùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra lọ ya fíìmù tuntun lórí òkè kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ọ̀kadà gbé Olóyè dé ìdajì òkè, àwọn ọkùnrin méjì sì ti ẹ̀yìn agbádá rẹ̀ dé orí. Ṣèyí gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ń wo ìran náà lè yí orí sí ibikíbi. Olóyè ní nígbà náà, òun gbọ́dọ̀ wà níbi gbogbo. Wọ́n yà á níwájú, wọ́n yà á lẹ́yìn, ọ̀tún, òsì. Ó ní bí aláìsàn bá gbójú sókè ńkọ́, wọ́n sì fi ojú rẹ̀ sí òfuurufú, ó tóbi bí àwọsánmà òjò. Ṣèyí, tí ó ti rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bí ẹni náà bá wá wo ilẹ̀, sà?”

Olóyè ronú sí i. “Fi bàtà mi síbẹ̀.”

Nínú fíìmù yìí ló ti sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ gùn débi pé iná ẹ̀rọ Ṣèyí kú lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ̀yin àgbàlagbà mi ọ̀wọ́n, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Bí ọ̀bẹ bá ti ń wọlé, ẹ rántí ẹni tó dúró tì yín. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé ilé ìwòsàn yìí ró, èmi tí n kì í sùn nítorí yín, èmi tí mo dúró ti bàbá tó bí mi lọ́mọ títí ó fi mí èémí ìkẹyìn.” Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ báyìí, mo gé e kúrú fún yín nítorí àánú.

Wọ́n fi fíìmù náà sínú ọ̀kan nínú awò méjèèjì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Bàbá Ẹ̀yínadé pé kó wá wo tuntun náà. Bàbá wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bọ́ ọ lójú, ó sì wo gbogbo wọn.

“Odò yẹn ńkọ́?” ó béèrè. “Àbí alága ti mu ún tán?”

Olóyè ní ojú ogbó ń ṣe bàbá náà. Ó kéde pé òun máa ṣí awò ìran tuntun náà níwájú gbogbo ayé. Iṣẹ́ abẹ gidi á máa lọ nínú yàrá, àwọn àlejò á jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Ohun tí aláìsàn bá ń rí á hàn lára aṣọ funfun ńlá kan, ohùn rẹ̀ á máa jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dúpẹ́. Kọmíṣánnà ti ṣèlérí pé òun á wá lọ́jọ́bọ̀. Ohun tó kù ni aláìsàn. Gbogbo àgbàlagbà tó wà ní wọ́ọ̀dù ló ní àwọn ti ń gbádùn lójijì.

Ní àkókò yìí gan-an ni ìyá Olóyè fúnra rẹ̀ ṣubú.

Felicia Ògúntóyè lorúkọ rẹ̀, Yèyé Felicia ni gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé nínú ilé ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó ń kó igi wọlé nítorí òjò tó ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, eegun itan rẹ̀ kán lókè nítòsí ìbàdí. Ruth, aládùúgbò rẹ̀, ló rí i, òun ló tẹ́ ẹ sẹ́yìn takisí gbé e wá sí Ìtùnú. Ẹniọlá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní irin làwọn máa fi so eegun náà, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Àgbàlagbà tí itan rẹ̀ bá kán tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á dégbò, àyà rẹ̀ á máa kún, kò ní pẹ́ kú.

Ìyá náà kò gbà. “Ọmọ mi,” ó wí, “mo mọ̀ pé uṣẹ́ rẹ lo fẹ́ ṣe. Eegun ò bà mí lẹ́rù. Yàrá yẹn ni mi ò fẹ́.”

“Kí ló dé, Yèyé?”

“Bàbá Philip wọ irú rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó ní kí n bá òun mú bàtà òun dání. Bàtà yẹn ni mo gbé padà wá sí ulé.”

Ẹniọlá kò bá a jiyàn. Ó jókòó tì í lórí ibùsùn, ó lọ gbé awò ìran tí odò wà nínú rẹ̀, ó rọra dè é mọ́ ọn lójú. Ìyá náà di ọwọ́ dókítà mú. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó ní, “Wò ó, omi.” Ó yí orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “A máa ń fọ aṣọ nírú ibí yìí nígbà tí mo wà lọ́mọge. Òkúta yẹn, orí irú rẹ̀ la máa ń sá a sí.” Ó gbójú sókè wo ewé tó ń mì. “Bó bá jẹ́ pé ibí ni mo máa wà, ẹ ṣe eegun yín.”

“Ibẹ̀ lẹ máa wà, Yèyé. Mo ṣèlérí.”

Dókítà jáde láti lọ ṣètò fún ọjọ́ kejì, ó bá Olóyè àti Rótìmí lẹ́nu ọ̀nà. Rótìmí ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́.

“Ọ̀la kò ṣeé ṣe,” Olóyè wí. “Kọmíṣánnà ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.”

“Sà, ìyá yín ni.”

“Ìyá gbogbo wa ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo wa fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.”

Ẹniọlá ronú pé kí òun gbé ìyá náà lọ sí Adó, ṣùgbọ́n kòtò ọ̀nà náà á lọ eegun rẹ̀ ni. Ó sọ̀rọ̀, ó bẹ̀bẹ̀, Olóyè ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n jọ fẹnu kò. Dókítà á jẹ́ kí wọ́n gbé ohùn àti ìran inú awò sí gbọ̀ngàn, Olóyè á sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí odò. Olóyè gbọ́wọ́ lé àyà, ó búra. Bẹ́ẹ̀ ni Yèyé Felicia ṣe dùbúlẹ̀ pẹ̀lú itan tó kán títí di ọjọ́bọ̀, ó ń gbé ìrora mì, ọmọ rẹ̀ ń yan aṣọ tí òun ó wọ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ wà níbẹ̀, Pásítọ̀ Moyinolúwa ti ìjọ CAC, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, jókòó níwájú. Bàbá Ẹ̀yínadé wà lẹ́yìn. Kọmíṣánnà kò wá. Ó rán igbákejì rẹ̀, igbákejì rán akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé náà sì béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n máa tètè parí. Rótìmí ka ìtàn ìgbésí ayé Olóyè. Nígbà tó fi dé ibi tí Olóyè ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, pásítọ̀ ti sùn.

Níwájú, lórí tábìlì ńlá tí wọ́n fi aṣọ àrán bò, awò ìran kan wà níbẹ̀ fún àfihàn. Èkejì ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìbúra Olóyè lè má fura. Rótìmí ló gbé èkejì yẹn lọ láàárọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló sì sọ èwo ni kó gbé. Awò tí odò wà nínú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sórí àrán bí ẹja gbígbẹ. Awò tí alága wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kó fún dókítà.

Wọ́n gún ìyá náà ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ara rẹ̀ kú láti ìdodo lọ sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Sarah de awò náà mọ́ ọn lójú, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò ó létí. Ẹniọlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹran ti là, eegun ti hàn. Ní gbọ̀ngàn, ìran yọ lára aṣọ funfun: orí òkè, agbádá, ojú Olóyè Philip Ògúntóyè tó gba gbogbo aṣọ náà láti òkè délẹ̀. Rótìmí dìde, ó pàtẹ́wọ́, àwọn kan bá a pàtẹ́wọ́.

Ohùn ìyá náà sì jáde nínú ẹ̀rọ. “Philip?”

Olóyè gbé ọwọ́ sókè sí Ṣèyí tó jókòó nídìí ẹ̀rọ. “Gbé ohùn ìyá mi sókè. Kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bó ṣe ń súre fún mi.”

Ṣèyí gbé e sókè.

“Philip, kí lò ń wá níbí?” Ìran ara aṣọ funfun náà yí sọ́tùn-ún, Olóyè wà níbẹ̀. Ó yí sósì, ó wà níbẹ̀. “Ó tún rèé. Ọmọ yìí ti yí mi ká. Odò mi dà?” Aṣọ náà wo ilẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì rí bàtà dúdú méjì tó ń dán. “Bàtà ta nìyí?” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Sarah, bàtà ta ni wọ́n gbé wá síbí?”

Nínú fíìmù, Olóyè ń wí pé òun fi ọwọ́ ara òun gbé ilé ìwòsàn yìí ró.

“Irọ́ ni,” ìyá náà wí. “Èmi ni mo ru yanrìn, èmi àti ìyá Ruth àtàwọn ìyá ìjọ. Philip ò tilẹ̀ wálé lọ́dún yẹn.”

Àwọn obìnrin kan ní ìlà kejì wo ara wọn. Olóyè inú gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí Ṣèyí pé kó rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀. Olóyè orí òkè ò dúró dè é. Ó ti dé orí ọ̀rọ̀ bàbá tó bí i, bó ṣe dúró tì í títí ó fi mí èémí ìkẹyìn.

Gbọ̀ngàn gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. “Ìwọ kọ́,” ó wí. “Ìwọ ò wọlé. Bàbá rẹ béèrè rẹ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Ìta lo wà, ò ń bá àwọn ńláńlá sọ̀rọ̀, mò ń wò ọ́ lójú fèrèsé. Ẹ mú un kúrò lójú mi. Bí mo bá máa kú, ẹ jẹ́ kí n kú níbi tí kò ti sí sípíìṣì.”

Rótìmí ti dá àtẹ́wọ́ dúró.

Ohùn dókítà ni wọ́n gbọ́ tẹ̀ lé e, ó rọlẹ̀, ó sì le. “Bọ́ ọ, Sarah. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru jù.” Wọ́n gbọ́ bí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn ṣe ń sáré. Wọ́n ti bọ́ awò náà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá náà, ó sì ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ jáde. Láìsí awò, ìyá náà ti rí iná, ó ti rí aṣọ tí wọ́n fi dí i láàárín. Ó ń béèrè ẹni tí wọ́n máa kó bàtà òun fún. “A ò lè dúró, itan rẹ̀ ti là sílẹ̀,” dókítà wí. “Bí ọkàn rẹ̀ bá ń lọ báyìí, ó lè kú mọ́ wa lọ́wọ́. Awò kejì ńkọ́? Níbo ni odò yẹn wà?”

Olóyè tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé àyà. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó wí, “ohun tí ẹ ń gbọ́ yìí wà nínú ètò.” Ó yíjú sí Ṣèyí. “Pa á.”

“Má pa á,” Pásítọ̀ Moyinolúwa wí. Kò sùn mọ́. “A fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá yẹn wà láàyè.”

Ṣèyí gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, Sarah wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ abẹ lọ́rùn, ìbòmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo yíká, ó rí awò náà lórí aṣọ àrán. Olóyè dúró láàárín Sarah àti tábìlì.

“Arábìnrin,” ó wí, “ta ló fún ọ láyè láti wọlé nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀?”

“Ìyá yín ń kú lọ, sà.” Sarah gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbé awò náà, ó sì jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ lè sáré tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì. Ó lè kúnlẹ̀. Ó lè dákẹ́, èyí tó rọrùn jù. Olóyè Philip tún aṣọ àrán tó wọ́ ṣe.

Gbọ̀ngàn ń tẹ́tí. Ẹ̀rọ ọkàn ń sáré, ẹnìkan ń sọ pé pẹ̀lẹ́, Yèyé, pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ìmí kan tó gùn, àti òmíràn. Ẹ̀rọ ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọra.

“Òun nìyí,” ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ kéré. “Omi náà nìyí.”

“Ó ti débẹ̀,” Bàbá Ẹ̀yínadé sọ lẹ́yìn, bí ẹni tó mọ ọ̀nà.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ń nu ojú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí, tí ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ ní Ìtùnú láti ìgbà tí wọ́n ti yan alága, Olóyè gbé ọwọ́ lé àyà. “Gẹ́gẹ́ bí mo ti ń sọ bọ̀,” ó wí.

“Philip,” Pásítọ̀ dá a lóhùn, kò fi oyè kankan sí i, “jókòó.”

Ó jókòó. Àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ títí dókítà fi jáde wá sọ fún wọn pé irin ti wọ eegun, ìyá sì wà láàyè.

Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Olóyè béèrè pé bí òun bá tilẹ̀ máa lọ, ó yẹ kí ayẹyẹ wà, kí òun sì sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Wọ́n ní kò sí àyè. Wọ́n fi Olúfúnkẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Aramoko, dípò rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe káfíńtà sí òrùlé. Rótìmí lọ bá a lọ́jọ́ kejì, ó ti há gbogbo oyè rẹ̀ sórí. Olúfúnkẹ́ ní kó lọ bá wọn pọn omi sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Àwọn ọlọ́kadà láti Ìjerò dé Òkè-Ìmẹ̀sí ti gba ọ̀rọ̀ kan mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fẹ́ fẹlá fún èkejì, wọn ó ní, “Omi kì í ṣe alága,” gbogbo gáréèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Olóyè gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú takisí tí kò sí ẹni tó dá a mọ̀ níbẹ̀. Pé kò sí ẹni tó dá a mọ̀ yìí ló dùn ún jù.

Ó lọ wo ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tó lu agogo. Yèyé Felicia ti ń jókòó lórí ibùsùn, ó ti fi igi ìtilẹ̀ rìn dé ojú fèrèsé ó sì padà. Olóyè gbé ọ̀sàn tó rà kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, agbádá rẹ̀ kò jẹ́ kó tètè dìde.

“Ṣé o ti jẹun?” ìyá rẹ̀ bi í.

Ó rọrùn láti dá a lóhùn. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Ó lè ní kó dárí ji òun. Ọ̀rọ̀ yẹn tilẹ̀ dé ọ̀fun rẹ̀, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gun àyà lọ.

“Yèyé mi,” ó bẹ̀rẹ̀, “nínú ìrìn àjò gbogbo aṣáájú, àkókò kan a máa wà tí àwọn tó sún mọ́ ọn jù kò ní lóye rẹ̀.”

Ìyá náà gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe, ó mi orí, ó sì na ọwọ́ sí Sarah tó ń pín oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kejì. “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi gbé awò yẹn.”

Sarah gbé e wá, ó dè é mọ́ ọn lójú. Ìyá náà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Olóyè ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ti dé ibi tí àwọn ọ̀tá wà, nígbà tó rí i pé ẹnu ìyá òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì dánu dúró.

“Yèyé, kí lẹ rí níbẹ̀?”

“Omi,” ìyá rẹ̀ wí. “Àti ewé.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá a dáadáa nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló béèrè.

“Kò sí ẹnì kankan, Philip. Ó dára gan-an.”